Fìtílà Tí Wọ́n Ní Ó Ń Fi Omi Jó: Kí Ló Ń Jẹ Gan-an?

Ẹ ó ti rí irú fídíò náà. Ẹnì kan bu omi sínú ìgò jáàmù, ó ju òkúta wẹ́wẹ́ àti òdòdó sí i, ó ṣáná sí ojú rẹ̀, iná sì ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí omi. Wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ dágbére fún NẸ́PÀ." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé orí WhatsApp gbogbo àdúgbò láti Kubwa dé Nyanya níbí ní Abuja, àwọn ará ilé á sì máa bi ara wọn pé ṣé omi lè jó lóòótọ́, àbí awúrúju ni, àbí wọ́n fi nǹkan mìíràn sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí Àríwá bà jẹ́, tí Kaduna, Kano, Jos àti Gombe wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti eré mọ́.

Èsì rẹ̀ kò gùn. Omi kì í jó. Òróró tó léfòó sórí omi ló ń jó. Kámẹ́rà ni kò jẹ́ kí ẹ rí i, nítorí òróró tó mọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi lójú fóònù. Fìtílà náà kì í ṣe irọ́. Àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni irọ́. Ẹ lè fi ohun tó wà ní kíṣìnì ṣe é, kó sì rẹwà débi tí ẹ ó fi gbé e sórí tábìlì àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ, torí kò sí fìtílà tí kì í jẹun.

Kí ni "láìsí iná mànàmáná" túmọ̀ sí?

Gbólóhùn yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Tí wọ́n bá ní fìtílà kan ń ṣiṣẹ́ "láìsí iná", ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́kàn ni pé kò sí lára wáyà NẸ́PÀ. Gílóòbù sólà tí ẹ rà ní Ọjà Wuse kò sí lára wáyà NẸ́PÀ, àmọ́ iná mànàmáná ló ń lò: oòrùn ló ṣe iná náà, bátìrì ló tọ́jú rẹ̀ di alẹ́. Torí náà, "láìsí NẸ́PÀ" yàtọ̀ sí "láìsí iná mànàmáná rárá".

Nínú àwọn tí kò lo iná mànàmáná rárá, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ń jó nǹkan: òróró, àbẹ́là, kẹrosíìnì. Èkejì ń darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọ inú ilé lọ́sàn-án. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà tó ń mu ìmọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Èkíní ni ti inú fídíò, òun la ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Àwọn yòókù, a ó kàn wọ́n bó bá yá.

Òwú ló ń jó ni, àbí òróró?

Àwa Yorùbá pè é ní fìtílà, àwọn Hausa tí à ń bá gbé náà pè é ní fitila, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, òwú inú àtùpà ni wọ́n sì ń fi í pè ní orísun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òwú kọ́ ló ń jó.

Ẹ ti etí aṣọ kan bọ omi inú bàsíà, kí ẹ fi ìyókù kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó rí i pé omi ti gun aṣọ náà kọjá ibi tí ẹ tì í dé. Bẹ́ẹ̀ ni òwú ṣe ń fa òróró. Òróró á gun òwú dé òkè, ooru iná á sọ ọ́ di èéfín, èéfín yẹn ló ń gbiná. Èéfín funfun tó máa ń yọ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fìtílà, òróró tí kò rí iná jó ni. Níwọ̀n ìgbà tí òróró bá ń dé orí òwú dáadáa, òwú kì í tètè jóná. Ọjọ́ tó bá gbẹ ló ń di eérú.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òróró ki ju kẹrosíìnì lọ, kò sì lè gun òwú jìnnà. Kẹrosíìnì á gun òwú làǹtánì láti ìsàlẹ̀ agolo dé ibi iná láìsí wàhálà. Òróró ẹ̀pà kì í fẹ́ kọjá sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń da òróró sínú làǹtánì ilé fi ń rí i pé ó jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì kú. Kì í ṣe pé òróró náà kò dára; ibi tí wọ́n ní kó gùn ló ga jù fún un. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú fìtílà tí a fẹ́ ṣe yìí ni pé kí iná jókòó sún mọ́ òróró pẹ́kípẹ́kí.

Omi wá ń ṣe kí ni níbẹ̀?

Lítà omi kan wọn kílò kan. Lítà òróró kan kò ju nǹkan bí 920 gíráàmù lọ. Èyí tó fúyẹ́ ló ń wà lókè, bí epo ṣe ń léfòó sójú ọbẹ̀.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe níbẹ̀ ju ẹwà lọ. Ó ń gbé òróró sókè, kí ẹ má baà da ìgò kan kún fún òróró olówó iyebíye kí iná tó dé ibi tí ojú ti lè rí i. Ó ń jẹ́ kí ìdí ìgò tutù. Èyí tó wúlò jù ni pé tí òróró bá ti fẹ́ tán, ìdí òwú á kan omi, iná á ta pàrà díẹ̀, á sì kú fúnra rẹ̀. Àbẹ́là kò ní irú ìjánu bẹ́ẹ̀; òun á jó dé orí tábìlì.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣebí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má da omi sí òróró tó ń jó. Òótọ́ ni, ẹ má ṣe é láé. Nínú agbada àkàrà tó gbiná, gbogbo òróró ló ti gbóná kọjá ìwọ̀n tí omi fi ń hó, tó sì jẹ́ pé omi tí ẹ bá dà sí i á rì sábẹ́, á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fọ́n òróró oníná ká gbogbo kíṣìnì. Nínú fìtílà wa, ìwọ̀nba òróró tó yí òwú ká nìkan ló ń gbóná. Omi ti wà nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́ kí iná tó dé. Ìdí nìyẹn tí iná náà fi gbọ́dọ̀ kéré, tí òróró kò sì gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù. Bí iná bá ti ń jó, ẹ má bu omi sí i mọ́.

Òróró wo ló yẹ, èwo ni kò yẹ?

Òróró ẹ̀pà ni ọba wọn ní apá ibí. Ó mọ́, kò ní òórùn tó le, kì í sì í dì nínú ọyẹ́ Abuja. Ní Jos pàápàá, níbi tí òtútù oṣù kìíní ti ń gún eegun, ó ṣì ń ṣàn. Òróró sóyà àti ti sunfúláwà náà dára.

Epo pupa ni àwọn baba wa fi ń tan fìtílà amọ̀, ó sì ń jó. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń dì. Ní àárọ̀ ọyẹ́, á ti le bí ògì, òwú kò sì lè mu ohun tó le. Àdí àgbọn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí, torí nǹkan bíi dígíìrì 24 ló ti ń dì. Òrí, tó pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger lẹ́bàá wa níbí, kì í ṣe ohun tí à ń dà sórí omi: ẹ yọ́ ọ, kí ẹ dà á yí òwú ká nínú àwo amọ̀ kékeré, ó máa jó bí àbẹ́là.

Òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà tàbí kósé ńkọ́? Ó ṣeé lò, ó sì dùn mọ́ni pé ohun tí à bá dànù ń tanná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tòrò mọ́jú, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ègé àkàrà tó kù nínú rẹ̀ ló ń dí òwú, omi àlùbọ́sà tó kù sí i ló sì ń mú un ta. Kí ẹ sì mọ̀ pé ilé á máa rùn bí ìdí àkàrà títí iná á fi kú. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀.

Kẹrosíìnì, rárá. Pẹ́tírólù, ẹ má tilẹ̀ rò ó. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán. Kẹrosíìnì ń tú èéfín tó lè gbiná jáde láti nǹkan bíi dígíìrì 38. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ọ̀sán Abuja fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibẹ̀ láìsí iná kankan nítòsí. Bí ẹ bá ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò, tí ẹ sì tan òwú sí àárín rẹ̀, kì í ṣe òwú nìkan ni yóò jó, gbogbo ojú ìgò náà ni. Òróró ẹ̀pà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi dígíìrì 300 kó tó gbiná láìsí òwú. Tí ẹ bá ju ìṣáná tó ń jó sínú òróró tútù, ńṣe ni yóò kú. Ìyàtọ̀ àárín dígíìrì 38 àti 300 yẹn ni ìyàtọ̀ àárín ohun ẹ̀ṣọ́ àti ìjàm̀bá.

Kí la máa nílò?

Ìgò gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8, tí gíga rẹ̀ kò ju 10 sí 12 lọ. Ìgò jáàmù ńlá tàbí ti máyònéèsì bá a mu gan-an. Kò gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti sán. Ìgò ẹlẹ́nu tóóró bí ìgò ọtí kò dára: ooru tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, iná á sì kú.

Òróró bíi mílílítà 100, èyí tó jẹ́ ṣíbí ìjẹun méje ó dín díẹ̀. Omi tó kù. Kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì kan, fọ́ìlì tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ, ìṣó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, àti òwú.

Òwú ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òwú gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Funtua àti agbègbè Zaria, kì í ṣe fọ́nrán ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe okùn aláwọ̀ mèremère. Okùn mọ́ọ̀pù funfun, síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó, tàbí òwú ilé ìwòsàn tí ẹ yí láàárín àtẹ́lẹwọ́, gbogbo rẹ̀ ló dára. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá òwú gidi ni, ẹ fa fọ́nrán kan yọ kí ẹ ṣáná sí i. Tó bá rùn bí ìwé tó jóná, tó sì di eérú tó ń fọ́ lọ́wọ́, òwú ni. Tó bá yọ́, tó ká jọ di kókó dúdú tó le, ọ̀rá ni, ẹ fi sílẹ̀.

Báwo la ṣe ń tò ó pọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tó máa gbé òwú léfòó. Ẹ fi ọ̀bẹ gé kọ́ọ̀kì náà ní pẹlẹbẹ, kí ó nípọn tó ìlàjì sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi fọ́ìlì wé e, kí ojú tó dán wà lókè. Fọ́ìlì yìí ni kì í jẹ́ kí kọ́ọ̀kì jóná. Ẹ fi ìṣó lu àárín rẹ̀ gan-an. Mo tún un sọ: àárín gan-an. Tí ihò bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pẹlẹbẹ náà á dà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn lórí òróró, iná á sì máa lá fọ́ìlì.

Ẹ gé òwú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì péré, tó nípọn bí ọ̀pá ìṣáná, kí ó le díẹ̀ wọ inú ihò náà. Ẹ jẹ́ kí mílímítà 3 sí 5 yọ lókè. Ìyókù á wà nísàlẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Bí òwú bá ń yọ̀ bọ́ọ́, ihò ti tóbi jù nìyẹn, ẹ fi okùn òwú kékeré kan kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ìgò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ to ohun ẹ̀ṣọ́ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bu omi sí i títí yóò fi ku ìka mẹ́ta sí mẹ́rin kó kún. Ẹ rọra da òróró sí i lẹ́bàá ìgò, kí ó má baà ru omi sókè. Ó gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ibi tí mílílítà 100 máa gbé e dé nínú ìgò tó fẹ̀ tó 8 nìyẹn. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ omi tó bá òróró rìn lè rọlẹ̀ tán.

Kí ẹ tó gbé pẹlẹbẹ náà lé e, ẹ ki òwú bọ òróró lókè àti nísàlẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ fídíò ń fò. Òwú gbígbẹ tí wọ́n bá ṣáná sí, ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ, á sì ti di eérú kí òróró tó gòkè dé. Ẹ gbé e lé orí òróró, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ sì ní sùúrù. Òróró kì í gbiná kíákíá bíi kẹrosíìnì, ó lè gbà yín tó ìṣẹ́jú àáyá 20 pẹ̀lú ìṣáná lórí òwú.

Iná tó dára kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kò ní èéfín dúdú, kò sì ń jó gìrìgìrì.

Báwo ló ṣe ń di ohun ẹ̀ṣọ́?

Ibí yìí ni fìtílà ti ń di ti ẹni tó ṣe é.

Ẹ lè pa omi láró. Omi zobo tí ẹ ti sẹ́ dáadáa á fún yín ní pupa tó jinlẹ̀ bí ọtí, kò sì ní gun inú òróró, torí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ọ̀rá rẹ́. Ẹ ó rí pupa nísàlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè bí oyin lókè, iná lórí gbogbo rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé zobo ń kan; lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ da á nù. Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà yẹn, àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì náà ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kán kan tó.

Ní ìdí ìgò, owó ẹyọ, òkúta odò àti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ló ń mú ìmọ́lẹ̀ tàn yòò. Àwọn Masaga ti Bida ni wọ́n mọ̀ fún èyí: ìgò tó ti fọ́ ni wọ́n ń yọ́ nínú iná àgbẹ̀dẹ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ wọn bá omi mu, kì í ṣá. Òdòdó ọ̀rá lè wà nínú omi, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yọrí sójú òróró. Òdòdó gidi máa ń jẹrà.

Ohun tó ń yí ògiri padà ni agolo tí a dá ihò sí. Ẹ mú agolo mílíìkì ńlá tó ṣófo, kí ẹ fi kálámù fọwọ́ ya àpẹẹrẹ sí i lára pẹ̀lú àmì kékeré kékeré. Tí ẹ bá fi ìṣó lù ú bẹ́ẹ̀, yóò tẹ̀ wọnú. Àwọn òyìnbó ní kí ẹ fi omi kún un, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà kó di yìnyín kí ẹ tó lù ú. Fírísà wo, níbi tí NẸ́PÀ ti gbé iná lọ? Yanrìn tútù tí ẹ kì sínú rẹ̀ típẹ́típẹ́ náà ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ tẹ́ agolo lé orí aṣọ tí ẹ ká, ẹ fi ìṣó àti hámà dá ihò náà, ẹ da yanrìn nù, kí ẹ sì yọ ìdí agolo kúrò. Etí tó mú nínú lè ya ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Tí ẹ bá gbé agolo yìí yí ìgò náà ká, tí ó jìnnà sí i ní ìka méjì yíká, tí òkè rẹ̀ sì ṣí, ìràwọ̀ á kún ògiri.

Amọ̀ dára ju agolo lọ, bí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìlú ìkòkò ni apá ibí. Ladi Kwali, obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó ₦20, ará Kwali ni, ìlú tó wà nínú FCT lónìí, Suleja ló sì ti ṣiṣẹ́, nígbà tí Suleja ṣì ń jẹ́ Abuja. Ẹ bá amọ̀kòkò sọ ọ́ kó tó sun ìkòkò náà. Ìgbà tí amọ̀ ṣì tútù ni ihò rọrùn láti dá. Èyí tó ti jóná tán, díríìlì àti sùúrù ló ń gbà, ó sì ń fọ́.

Igbá fífín wu ojú jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì léwu jù. Igbá gbígbẹ ń jó. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gé òkè àti ìdí rẹ̀ kúrò kó dà bí òrùka, kí ó má sí ohunkóhun lórí iná, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jìnnà sí ìgò ní ìbú ọwọ́ kan. Ẹ má da igbá dé iná lórí láé.

Èé ṣe tí tiyín kò jó?

Tó bá jó fún ìṣẹ́jú kan, tó sì kú, òwú kò mu òróró tó, tàbí ọ̀rá ni, tàbí ẹ fi òwú sínú ihò tó fún un lọ́rùn jù tí òróró kò rí ọ̀nà gbà. Tó bá ń ta pàràpàrà, ìdí òwú ti kan omi. Ẹ gé e kúrú, tàbí kí ẹ fi òróró kún un.

Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé òwú ti yọ jù: òróró tó ń dé ibi iná ju afẹ́fẹ́ tó wà láti jó o lọ. Ẹ pa á, ẹ fà á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fa òwú sókè láti rí ìmọ́lẹ̀ sí i, àjà dúdú ni wọ́n ń rí.

Tí pẹlẹbẹ bá rìn lọ fara ti ìgò, iná á gbóná ojú kan, gíláàsì á sì sán. Ẹ so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́ fọ́ìlì bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, kí ó máa tì í sí àárín.

Tí ẹ bá rí ohun kan bí ìkùukùu láàárín omi àti òróró lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, èbu ni. Ẹ pààrọ̀ omi. Ní òjò àkọ́rọ̀, èsúnsún á máa ya wá sínú rẹ̀. Ìyẹ́ wọn ń gbiná, wọ́n sì ń tú òróró ká. Ẹ má tan án ní alẹ́ tí èsúnsún bá jáde.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, ó sì ń jẹ òróró tó mélòó?

Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti àbẹ́là kan lọ, nígbà mìíràn kò tó o. Gílóòbù ògbólógbòó oníwọ́ọ̀tì 60 mọ́lẹ̀ ju àbẹ́là 60 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé fìtílà yìí á gba iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ kò lè fi í kàwé. Ó dára fún ẹwà orí tábìlì, fún ọ̀nà yàrá, fún ọjọ́ ìsinmi tí ẹ fẹ́ kí ilé ní ìtura.

Ṣíbí ìjẹun kan ń jó fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo mílílítà 100 ló máa jó: bí ìpele òróró bá ti ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, òwú ti kan omi nìyẹn. Ìdajì ló ń jó, ìyẹn wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ìdajì tó kù kò ṣòfò, ẹ kàn fi ṣíbí mẹ́ta kún un lọ́jọ́ kejì.

Omi iyọ̀ àti ìgò orí òrùlé ńkọ́?

Fìtílà omi iyọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ ló ń jẹ. Irin inú rẹ̀, magnesium ló sábà máa ń jẹ́, ni omi iyọ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, iná mànàmáná kékeré sì ń tibẹ̀ jáde fún gílóòbù LED. Bátìrì ni, orúkọ ni wọ́n yí padà. Tí irin bá jẹ tán, iyọ̀ gbogbo ilẹ̀ yìí kò lè tan án.

Ìgò orí òrùlé ní tirẹ̀ kò jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Alfredo Moser, mẹkáníìkì kan ní Brazil, ló dá a sílẹ̀ ní 2002: ìgò ọ̀rá onílítà méjì tó kún fún omi mímọ́ àti ìdérí jíìkì méjì, tí wọ́n kì bọ inú ihò páànù, kí bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan yọ síta. Omi ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn káàkiri yàrá, ó sì tó gílóòbù wọ́ọ̀tì 40 sí 60. Jíìkì ni kì í jẹ́ kí omi hu ewé. Ìṣòro rẹ̀ méjì ni: páànù tí wọn kò fi gọ́ọ̀mù dí dáadáa á jò, àti pé kò wúlò lálẹ́. Ó dára fún ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án.

Ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn ń mọ́lẹ̀ gan-an ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, á wá máa rẹlẹ̀ títí di òru. Ìyẹn kò ju àmì ọ̀nà sí ilé ìwẹ̀ lọ. Fídíò tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ la ọ̀pá oníná ti àríyá dà sínú ìgò, ẹ má tẹ̀ lé e: ìgò wẹ́wẹ́ tó fọ́ wà nínú rẹ̀, omi rẹ̀ sì ń ta ojú.

Ibo la ń gbé e sí, báwo la sì ṣe ń pa á?

Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé kọ́tìnì, gbogbo nǹkan sì gbẹ bí ewé tábà. Ẹ gbé e jìnnà sí kọ́tìnì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti sílíńdà gáàsì, kí ó wà lórí àwo tánńganran tàbí táìlì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè dé e, kí ojú fèrèsé kan sì ṣí díẹ̀. Ẹ má sùn tì í, bó ti wù kí omi abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó.

Tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ má fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn ẹnu ń ta òróró gbígbóná síta. Ẹ fi ìdérí agolo bo ẹnu ìgò, ó máa kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ pẹlẹbẹ náà, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé orí òwú tó ti dúdú, ṣùgbọ́n ẹ má fọ òwú náà. Ẹ fi òróró inú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọ̀la, ìṣáná kan ni yóò gbà.